Ìlà Mẹ́rin Nípa Odò Ọya

Ìyá àgbà mi fa téèpù ìwọnṣọ kúrò lọ́rùn, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ìwé tó ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì Ààfáà, wọ́n sì fi èékánná tẹ ibi tí ọ̀rọ̀ nípa Àsàbá parí sí.

"Kò tó ààbọ̀ ínǹṣì," ni wọ́n wí. "Gbogbo ogun yẹn, Ààfáà, ibi tí bọ̀ọ̀dá mi wà kò tó ààbọ̀ ínǹṣì?"

Ààfáà, tó ń ta ìwé àlòkù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí ní Ajah, rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ̀yin lẹ ní ìwé tín-ínrín lẹ fẹ́. A kì í kúkú fi téèpù ra ìwé."

"Èmi, òun ni mo fi ń rà á. Gbé òmíràn wá."

Ìgbà kẹta tí a máa lọ síbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì nìyẹn. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, báàgì iléèwé ṣì wà lẹ́yìn mi, ebi ń pa mí, òórùn ìwé tí òjò ti pa rí sì ń yún mi nímú. Ìyá àgbà kò rí gbogbo ìyẹn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn ń tẹ ilẹ̀ lábẹ́ tábìlì bí ẹni pé aṣọ wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ẹsẹ̀ yẹn kì í dúró, ì báà jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ì báà jẹ́ nídìí oúnjẹ. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti kó àìlèjókòó-sójú-kan tó ń da ọkọ mi láàmú títí dòní.

Sùtánà ni wọ́n ń rán, fún àwọn ìjọ aláṣọ funfun láti Ajah títí dé Sàngótẹ̀dó. Yàrá wọn kì í gbóòórùn ohun mìíràn ju sítáàṣì, búlúù àti èédú inú áyọ́ọ̀nù lọ. Òfin kan wà tí wọn kì í rú: wọn kì í ṣẹ́ etí sùtánà àfi bí ẹni tó ni ín bá wá dúró níwájú wọn, láìwọ bàtà. Ẹsẹ̀ lásán la fi ń wọ sùtánà, wọ́n sì ní ẹni tó bá wọ bàtà wá wọn aṣọ ń fi gíga tí kì í ṣe tirẹ̀ parọ́. Mo ti rí wọn tí wọ́n lé alàgbà kan padà sílé nítorí pé ó ní ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Sùtánà kan wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn tí wọn kò tíì ṣẹ́ etí rẹ̀. Òun ni àkọ́kọ́ tí wọ́n dá rán láyé wọn. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin ló ni ín, ẹni tó kọ́ wọn ní lúwẹ̀ẹ́ nínú ọ̀sà, níbi tí wọ́n ti wá fi yanrìn dí báyìí tí àwọn olówó kọ́lé sí. Ẹ̀gbọ́n náà lọ sójú ogun abẹ́lé kó tó di pé aṣọ parí. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló wá. Ó ní àwọn wà ní Àsàbá, wọ́n ní àwọn máa sọdá Odò Ọya, kí àbúrò òun má fòyà, ṣé omi ló máa wá ṣe ọmọ ọlọ́sà ní nǹkan ni? Ìyá àgbà kò mọ̀wé kà, àmọ́ wọ́n mọ bí "Àsàbá" ṣe rí lójú bí wọ́n ṣe mọ ojú èèyàn.

Lọ́dọọdún, bí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì bá kù díẹ̀, wọ́n á fọ sùtánà náà, wọ́n á rì í sínú omi búlúù, wọ́n á tún dá a padà. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí ni Bàbá Ìjọ wá bá wọn nílé.

"Màmá, ó tó gẹ́ẹ́," ni wọ́n ní. "Ẹ ṣẹ́ etí aṣọ yẹn. Ẹ gbé e wá síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ ìkórè, kí a gbàdúrà ìdágbére fún ẹ̀gbọ́n yín bí a ṣe ń ṣe fún òkú."

"Ta ló sọ fún yín pé wọ́n ti kú?" ni ìyá àgbà fèsì. "Aríran kan nínú ìjọ yín rí wọn nínú aṣọ funfun létí omi. Òmíràn rí wọn pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ nílùú kan. Ìran méjì tí kò bára mu. Ẹ jẹ́ kí n wá ìwé tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Àsàbá."

Ìwé kékeré ni wọ́n fẹ́, nítorí ìkórè ti dé tán, èmi ni mo sì máa kà á fún wọn, orí mi kò lè gbé ńlá. Ààfáà ní òun lè kà á fún wọn. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ẹni tó fẹ́ ta ìwé á sọ ohun tí oníbàárà fẹ́ gbọ́. Wọn kò jẹ́ kí màmá mi náà kà á. "Àgbà máa ń fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀," ni wọ́n wí fún mi. "Ìwọ ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń fi í sí i."

Ìwé tí Ààfáà gbé jáde kẹ́yìn fẹ́lẹ́ bí ìwé orin. Mo yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò níbi tí wọ́n to orúkọ ìlú sí, mo ṣí ojú ìwé náà, ìyá àgbà sì rí Àsàbá kí n tó nawọ́ sí i. Ìlà mẹ́rin gbáko ló sọ nípa odò náà. Wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ní ó dáa, ìyẹn la máa gbé lọ.

Nílé, wọ́n jókòó sídìí máṣíìnì, wọ́n ní kí n kà á. Mo ti kà á sínú lójú ọ̀nà. Ohun tí ìwé sọ kò ju èyí lọ: àwọn ọmọ ogun wọ ọkọ̀ ojú omi ní Àsàbá, ìbọn dà bò wọ́n, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ rì, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì bómi lọ, nígbà tó yá, ẹgbẹ́ ogun gba ọ̀nà mìíràn. Èdè òyìnbó ni ìwé náà, àmọ́ Yorùbá ni mo fi kà á fún wọn. Nígbà tí mo dé ibi ọkọ̀ tó rì, mo gbójú sókè, mo rí i pé ẹsẹ̀ wọn ti dúró. N kò rí i kó dúró rí. Ẹ̀rù bà mí gidigidi.

"Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ lúwẹ̀ẹ́ gúnlẹ̀ sí òdì kejì," ni mo sọ, "ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń gbé ibẹ̀ títí di òní."

Ẹsẹ̀ wọn tún bẹ̀rẹ̀. Mo mí kanlẹ̀, mo sì rò pé mo ṣe rere.

Wọ́n ní irọ́ lè lọ fún ogún ọdún kí òtítọ́ tó bá a. Tèmi kò lo ju ọjọ́ mẹ́rin lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, mo jí bá ìyá àgbà nínú aṣọ ìrìn-àjò, pẹ̀lú báàgì kan lẹ́sẹ̀ wọn. Sùtánà náà wà nínú báàgì, òwú àti abẹ́rẹ́ wà lórí rẹ̀. Onitsha ni wọ́n ń lọ, ní òdì kejì Odò Ọya. Orúnkún wọn kò gbé wọn dé ọjà dáadáa, àmọ́ wọ́n ti bá onímọ́tò sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn máa wọn aṣọ sí bọ̀ọ̀dá àwọn lára níbi yòówù kí wọ́n wà.

"Kà á fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó jáde," ni wọ́n wí.

Mo mú ìwé náà. Mo kà á dé ìparí, mo tún fi tèmi kún un. Nígbà tí mo dákẹ́, wọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n tẹ́ téèpù sórí ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Ibí ni ojú rẹ dúró sí," ni wọ́n wí, wọ́n sì fi ìka tẹ̀ ẹ́. "Ẹnu rẹ ò dúró. Kí lo ń kà lẹ́yìn ìgbà yẹn?"

"Èdè òyìnbó kúrú ni, Màmá."

"Kò kúrú tó bẹ́ẹ̀."

Mo bú sẹ́kún. Mo rò pé wọ́n máa gbá mi létí, ì bá sì sàn fún mi. Wọ́n kàn dá ìwé náà padà fún mi.

"Ìwọ lo rán ìyókù mọ́ ọn," ni wọ́n wí. "Tú u."

Mo tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì dúró níbi tí ìwé dúró. Ìyá àgbà kò sunkún. Wọ́n ní bọ̀ọ̀dá àwọn lè wẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́, omi kọ́ ló pa wọ́n, ìbọn ni. Lẹ́yìn náà wọ́n bọ́ bàtà ìrìn-àjò, wọ́n ní kí n bọ́ tèmi, kí n gun àga. Wọ́n wọ sùtánà náà sí mi lọ́rùn. Wọ́n ní kí n máa fi apá gbé èjìká aṣọ náà sókè títí wọ́n á fi sọ pé ó tó, nítorí wọ́n rántí ibi tí èjìká ẹ̀gbọ́n wọn máa ń dé. Bí wọ́n ṣe ṣẹ́ etí aṣọ náà nìyẹn, abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Lọ́jọ́ ìkórè wọ́n gbé e síwájú pẹpẹ. Àwọn àgbà ní ọmọ mi kú sàn ju ọmọ mi nù lọ. N kò mọ̀ bóyá ó sàn fún wọn. Mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ wọn dúró jẹ́ẹ́ jálẹ̀ ìsìn ọjọ́ náà.

Ìyá àgbà ti lọ báyìí. Lóṣù tó kọjá, tíṣà ọmọ mi ní kó wá ìwé kékeré kan nípa ogun abẹ́lé, a sì lọ sílé ìtàwé kan ní Sàngótẹ̀dó. Ìwé mẹ́ta wà níbẹ̀. Mo yẹ ẹ̀yìn wọn wò, mo wá Àsàbá, mo sì fa téèpù yọ nínú báàgì mi.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, àwọn èèyàn ń wò wá o," ni ọmọ mi wí.

Mo sọ ìtàn náà fún un níbẹ̀, lórí ìdúró, àfi ìparí rẹ̀. Èyí tó ní ìlà méje nípa Àsàbá la mú. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, ó di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ̀gbọ́n ìyá àgbà yín yẹn, ṣé wọ́n padà dé?"

Ojú rẹ̀ ń wò mí bí ojú ìyá àgbà ṣe wò mí lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ dídùn kan sì ti dé orí ahọ́n mi. Mo gbé e mì.

"Rárá," ni mo ní. "Wọn ò padà dé."