Orúkọ Méje Nínú Fọ́ọ̀mù Ọlọ́pàá

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí Bàbá Táyà jẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Gíríìsì ti wọ inú ìlà àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ débi pé kò sí ọṣẹ tó lè fọ̀ ọ́ kúrò mọ́. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti ń lẹ táyà ní ìkángun òpópónà wa, lábẹ́ òrùlé páànù kan tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Etí ló fi máa ń mọ ibi tí túùbù ti ń jò. Mi ò bù mọ́ ọn o! Á gbé túùbù sún mọ́ etí, á di ojú, á ní, "Òun nìyí." Bí wọ́n bá tì í bọ omi, ibẹ̀ gan-an ni yóò ti máa hó.

Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ó máa ń pa ìsọ̀ tì, á kó sípánà àti pọ́ǹpù sínú báàgì, á sì forí lé ilé ìwé àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn. Àga onítáyà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀, kò sì sí èyí tí kò mọ àìsàn rẹ̀. Èyí máa ń fà sọ́tùn-ún, èyí kì í gbọ́ ti bíréèkì. Ọdún kẹfà rẹ̀ nìyí, ọ̀fẹ́ ló sì ń ṣe é. Bàbá Bíréèkì ni àwọn ọmọ yẹn ń pè é.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ọ̀gá ilé ìwé, obìnrin kan tó máa ń ti bírò bọ inú irun, pè é sí kọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú o. Òfin tuntun ló dé. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sún mọ́ àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ ní ìwé tó fi hàn pé kò ní ẹjọ́ kankan lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa gbà á."

"Lọ́dọ̀ ọlọ́pàá? Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan, Bàbá. Ìdí tẹ́ ẹ fi máa gba ìwé náà nìyẹn."

"Torí pé mi ò ṣe nǹkan kan ni mo ṣe máa lọ bá ọlọ́pàá?"

Obìnrin náà tún ti bírò rẹ̀ wọ inú irun. Ó ní, "Èmi náà ti gba tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, kí oṣù yìí tó parí. Bí ìwé ò bá dé, mi ò ní lè jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé mọ́. Ọ̀rọ̀ náà kọjá ọwọ́ mi."

Ìyàwó rẹ̀ ló mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe. Ogún ọdún ló fi tẹ ìwé ní ọ́fíìsì kó tó fẹ̀yìn tì, ìka rẹ̀ ò sì tíì gbàgbé. Ó fà á jókòó lórí tìmùtìmù, ó sì mú fóònù rẹ̀.

"Bàbá ọmọ, ẹ fọkàn balẹ̀. Ohun téèyàn ń fi ìka kan ṣe parí ni."

Áà, ìka kan! Nígbà tí wọ́n máa fi kúrò lórí tìmùtìmù yẹn, fóònù ti gbóná bí áyọ́ọ̀nù.

"Ǹjẹ́ wọ́n ti mú yín rí?" Ìyàwó rẹ̀ ló ń kà á.

"Àwọn wo?"

"Ọlọ́pàá."

"Wọ́n mú mi rí o! Ọkọ̀ ni wọ́n fi wá mú mi ní ìsọ̀. Táyà wọn méjì ló jò lójú ọ̀nà. Mo lẹ̀ ẹ́ tán, wọ́n gbé mi padà."

"Ìyẹn kọ́ ni wọ́n ń bi yín!"

"Ìwọ lo ní kí n sọ òótọ́."

Ó tẹ "rárá." Ọkọ rẹ̀ ń wò ó bí ẹni tí wọ́n ń purọ́ lójú rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń bá a lọ nìyẹn tí wọ́n fi dé ìdí àpótí kan nínú fọ́ọ̀mù náà tó ní kí wọ́n kọ gbogbo orúkọ mìíràn tí wọ́n ti fi mọ̀ ọ́n rí.

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kọ síbí."

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Nínú ilé tí wọ́n ti bí i, ìyàwó ilé kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ. Kálukú ló ń fún un ní tirẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà ń pè é ní Sáré-Bọ̀, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá bí wọ́n bá rán an níṣẹ́. Ìkejì ní Adúmáadán ni tòun. Ìkẹta ń pè é ní Ọkọ Kékeré. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, àwọn tí wọ́n jọ ń kọ́ ọ sọ ọ́ ní Ọmọ Wíìlì. Ẹ wá fi Bàbá Táyà àti Bàbá Bíréèkì kún un. Ọkùnrin náà ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyàwó rẹ̀ ń tẹ̀ wọ́n.

"Ó ku ọ̀kan," ó ní. "Èyí tí ìwọ ń pè mí."

"Èwo nìyẹn?"

"O mọ̀ ọ́n."

"Bàbá ọmọ, ojú ò tiẹ̀ tì yín! Nínú ìwé ọlọ́pàá?"

"Wọ́n ní gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá lọ gbọ́ ọ níbòmíràn ńkọ́? Wọ́n á ní mo fi í pamọ́."

Ni ìyàwó bá tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, Olówó Orí Mi, ó sì fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́ kí ọkọ rẹ̀ tó tún rántí òmíràn.

Ọjọ́ kẹfà ni èsì dé. "A nílò láti yẹ ọ̀rọ̀ yín wò síwájú sí i. Ẹ yọjú sí ọ́fíìsì wa ní ọjọ́ Ajé." Bí ọjọ́ Ajé náà bá fi máa dé, oṣù á ti ku ọjọ́ méjì péré.

Ìyàwó rẹ̀ ka èsì náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó wo ọkọ rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

"Bàbá ọmọ, ẹ sọ fún mi. Kí lẹ ṣe?"

"Mi ò mọ̀."

"Ẹ rò ó dáadáa."

Àbí ẹ ò rí nǹkan! Ọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú ayé ara rẹ̀ wò bí ẹni tó ń tú àpò ṣòkòtò. Ó rántí agboòrùn tí oníbàárà kan gbàgbé sí ìsọ̀, tó ti ń lò láti ọdún mẹ́jọ.

"Ẹ dá a padà," ìyàwó rẹ̀ ní.

"Fún ta ni?"

Ojú tì í débi pé kò lọ sí ilé ìwé ní Ọjọ́bọ̀ yẹn. Ó jókòó sí ìsọ̀, ó ń lẹ túùbù tí kò jò. Ibẹ̀ ló wà tó fi rántí pọ́ǹpù kan láti ìgbà tó ń kọ́ṣẹ́.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó gba ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ kan lọ. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ táyà lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà kí ẹnì kejì tó yà sídìí irun. Ó bá a tó ń fá orí ẹnì kan lọ́wọ́.

"Ọmọ Wíìlì! Kí lo wá ṣe níbí? Irun wo ló kù lórí ẹ?"

"Mo wá jẹ́wọ́ ni."

Ẹ̀rọ ìfárí dákẹ́. Oníbàárà tó wà lórí àga yí ojú padà, ìdajì orí rẹ̀ ń dán, ìdajì dúdú kirikiri.

"Pọ́ǹpù ọ̀gá wa tó sọnù níjọ́sí," Bàbá Táyà ní, "èmi ni. Mo ń fi ṣeré ló bọ́ sí kànga. Ìwọ lo wá jẹ ẹgba rẹ̀."

Onígbàjámọ̀ gbọn irun kúrò lára ẹ̀rọ. "Pọ́ǹpù wo?"

"Èyí pupa."

"Ẹgba wo?"

"Ẹgba mẹ́fà! Lẹ́yìn ilé! Mo dúró ti ògiri, mo ń kà á."

"Ìyẹn? Ṣé tìtorí pọ́ǹpù ni?" Onígbàjámọ̀ pa àtẹ́wọ́. "Táyà ọ̀gá tí mo tà ni mo rò pé ó ti gbọ́! Mo ń jẹ ẹgba náà, mo ń sọ nínú mi pé ó kéré."

"O ta táyà?"

"Méjì."

"Ẹ̀yin bàbá yìí," oníbàárà náà ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi parí orí mi kí ọlọ́pàá tó dé."

Bàbá Táyà jáde, gbogbo rẹ̀ sì tún wá lọ́jú pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ tó ti ń gbé kiri láti ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹni tó ṣẹ̀ ò tiẹ̀ rántí rẹ̀. Ó wá mọ ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn mọ́ tirẹ̀. Ṣé ó yẹ kó fi ìyẹn náà sínú fọ́ọ̀mù ni?

Lọ́jọ́ Ajé, òun àti ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn kan ní ọ́fíìsì náà, láàárín àwọn èèyàn tí wọ́n di nọ́ńbà mọ́wọ́. Fáànù ń yí, afẹ́fẹ́ ò fẹ́. Nígbà tó kàn wọ́n, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó wà nídìí kọ̀ǹpútà kí wọn.

"Ọmọ mi," Bàbá Táyà ní kó tó jókòó, "ṣé pọ́ǹpù ni àbí agboòrùn?"

"Ẹ ní kí ni, sà?" Ojú ọmọbìnrin náà ti wà lára kọ̀ǹpútà. "Ẹ jọ̀ọ́, ta ni Adúmáadán?"

"Èmi ni."

"Sáré-Bọ̀ ńkọ́?"

"Èmi ni."

"Ọkọ Kékeré?"

"Èmi náà ni, ṣùgbọ́n mo ti dàgbà."

"Ta wá ni..." Ó sún mọ́ kọ̀ǹpútà, ó sì kà á sókè ketekete: "Olówó Orí Mi?"

Gbogbo bẹ́ǹṣì yíjú sí wọn. Ìyàwó fa gèlè bo ojú.

"Èmi ni," ọkùnrin náà ní. "Ṣùgbọ́n lẹ́nu tirẹ̀ nìkan ni."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀ kó lè nu omijé. Ó ní orúkọ inú ìwé ni wọ́n ń béèrè, bíi kéèyàn ti yí orúkọ padà ní kóòtù. Ó ní ẹ̀rọ àwọn rí orúkọ méje yẹn, kò mọ ohun tó máa fi wọ́n ṣe, ló bá jù wọ́n sọ́wọ́ òun.

"Mi ò ṣe nǹkan kan, àbí?"

"Orúkọ yín ló pọ̀, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n pa wọ́n rẹ́. Sáré-Bọ̀, ṣé kí n pa á rẹ́?"

Bàbá Táyà na ọwọ́ dá a dúró. "Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló ń pè mí bẹ́ẹ̀," ó ní. "Òun nìkan. Ọdún tó kọjá la sin ín."

Ọwọ́ ọmọbìnrin náà dúró lórí bọ́tìnì. "Nínú kọ̀ǹpútà nìkan ni, Bàbá."

"Ó dáa. Pa á rẹ́."

Ó ń bi í, ó ń pa wọ́n rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin náà sì ń mi orí. Nígbà tó kan ti ìparí, abẹ́ gèlè ni ohùn ti jáde: "Ẹ tètè pa ìyẹn rẹ́, ẹ jọ̀ọ́!"

Ìwé náà dé sórí fóònù lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ tí oṣù parí, ó tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, ó gbé e dé iwájú ọ̀gá ilé ìwé.

"Bàbá, ẹ kú oríire!"

"Ẹ dúró ná, màmá. Ẹ bá mi ka ìlà yìí."

"'A kò rí ẹ̀sùn kankan.'"

"Ṣé pé mi ò ṣe nǹkan kan ni, àbí pé wọn ò rí i?"

Obìnrin náà gbé ìwé náà sílẹ̀. "Ṣé nǹkan kan wà tẹ́ ẹ fẹ́ sọ fún mi ni?"

Ó sọ ọ́. Ó sọ pọ́ǹpù, ó sọ kànga, ó sọ bí òun ṣe dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń na ẹlòmíràn. Táyà tí onígbàjámọ̀ tà nìkan ni kò sọ. Obìnrin náà fa bírò yọ nínú irun, ó kọ nǹkan sórí pépà kan, ó pẹ́ tó ń kọ ọ́. Bàbá Táyà dúró gbagidi, báàgì rẹ̀ wà láàárín ẹsẹ̀, kò mọ̀ bóyá kó gbé e lọ sílé tàbí kó gbé e wọlé.

"Ẹ fọwọ́ síbí."

"Kí lẹ kọ?"

"Pé mo ti rí ìwé yín, mo ti bá yín sọ̀rọ̀, ẹ lè wọlé."

"Pọ́ǹpù yẹn ńkọ́?"

"Bàbá, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni yín nígbà yẹn. Àga márùn-ún ló ti jò láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ wọlé."

Ó wọlé. Ó nà gbalaja sílẹ̀ lábẹ́ àga ọmọbìnrin kékeré kan, ó ń fi sípánà dè é.

"Bàbá Bíréèkì, ẹ ò wá lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Wọ́n ń wá mi ni."

"Ta ló ń wá yín?"

"Ọlọ́pàá."

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ dáadáa láti orí àga kó lè rí ojú rẹ̀. "Wọ́n rí yín?"

"Wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan."

Ọmọ náà ro ọ̀rọ̀ náà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá fa yẹ̀rì rẹ̀ sílẹ̀ kó lè bo orí ọkùnrin náà.

"Ẹ dúró síbẹ̀," ó sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Mi ò ní sọ."