Ọdún Tí A Kò Dú Àgbò Nílé Mọ́

Wolé-wolé ni bàbá mi. Wọn kì í ṣe ọmọ Ìbàdàn. Iṣẹ́ ìjọba ló gbé wọn láti apá Àkókó wá sí Bódìjà, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹran wò láràárọ̀ kí àwọn alápatà tó gbé e lọ sọ́jà. Ẹran tí ara rẹ̀ kò bá dá, wọn kì í jẹ́ kó kọjá, ẹni yòówù kó ni ín.

Nínú gbogbo ọdún, ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá ni mo fẹ́ràn jù. Bàbá mi kì í dúró dọjọ́ ọdún kí wọ́n tó ra àgbò. Wọ́n ní ẹran tó wọkọ̀ láti òkè Ọya, tó dúró lórí ẹsẹ̀ títí dé Òjòó, ó yẹ kó sinmi kó tó kú. Nítorí náà, ọjọ́ mẹ́jọ gbáko ni àgbò tiwa máa ń lò lábẹ́ igi gúáfà ẹ̀yìnkùlé. Èmi ni mo ń bu èèpo iṣu àti ewé fún un, èmi náà ni mo sì ń fún un lómi. Bí mo bá gbàgbé, bàbá mi kì í pariwo. Wọ́n á kàn gbé ife omi tèmi kúrò níwájú mi, wọ́n á ní, “Kọ́kọ́ fún àlejò wa ná.”

Lọ́jọ́ ọdún, bí a bá ti Yídì dé, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fa àgbò náà létí tàbí kó wọ́ ọ nílẹ̀. Inú ilé ìdáná ni bàbá mi ti ń pọ́n ọ̀bẹ, kí ẹran má baà rí i. Bí aládùúgbò kan bá mú tirẹ̀ wá pé kí wọ́n bá òun dú u, ẹ̀yìn ilé ni èyí á wà títí wọ́n á fi ṣe tán lára èkíní. Wọ́n á tẹ́ àgbò náà sílẹ̀ pẹ̀lẹ́, wọ́n á máa fọwọ́ pa á lọ́rùn, wọ́n á sì máa bá a sọ̀rọ̀ kan tí a kì í gbọ́, bí ìgbà tí èèyàn ń rẹ ọmọ sùn. Lẹ́yìn náà la ó gbọ́ “Bísímílà, Aláhù Akúbárù.” Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọ̀bẹ máa ń kọjá. Wọn kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan awọ títí ara ẹran náà á fi balẹ̀ pátápátá. Nígbà náà ni àwa ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í da omi sí gọ́tà, a ó máa fi ìgbálẹ̀ gbá a títí omi á fi mọ́, torí iwájú ilé Ìyá Ìjọ ni gọ́tà náà gbà kọjá.

Opó ni Ìyá Ìjọ, ìjọ aládùúrà aláṣọ funfun ni wọ́n ń lọ, ògiri kan ló sì wà láàárín wa. Wọn kì í jẹ ẹran ọdún wa, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń yọjú lórí ògiri láti kí wa kú ọdún.

Mo ti jáde ní yunifásítì, mo ti ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn kan ní Ring Road, bàbá mi náà ti fẹ̀yìn tì, kí ohun tó yí gbogbo rẹ̀ padà tó ṣẹlẹ̀. A ti ń kun ẹran tiwa lọ́jọ́ ọdún náà nígbà tí a gbọ́ igbe láti òdìkejì títì. Ayálégbé tuntun kan tí kò dú ẹran rí ló fẹ́ fi ọ̀bẹ tí ìyàwó rẹ̀ fi ń gé iṣu dú àgbò rẹ̀. Ọ̀bẹ náà kò mú. Ó ti rẹ́ ẹ lọ́rùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí àgbò náà tó já mọ́ ọn lọ́wọ́, tó sá kọjá títì, tó sì já wọ àgbàlá Ìyá Ìjọ. Nígbà tí a débẹ̀, ó ti ṣubú sábẹ́ okùn tí wọ́n sá sùtánà wọn sí. Ẹ̀jẹ̀ ti ta sí etí aṣọ funfun náà. Àgbò náà ṣì ń mí, ó sì ń wò wá.

Bàbá mi kúnlẹ̀ tì í. Wọ́n fi ọwọ́ òsì bò ó lójú, wọ́n fi ọ̀tún parí iṣẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n dìde, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Mo rò pé ìbínú ni.

Ìyá Ìjọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn wọn. Wọn kò pariwo rárá.

“Àlàájì,” ni wọ́n wí, “mi ò bá yín fa ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn rí. Ọṣẹ lè bọ́ ẹ̀jẹ̀ ara aṣọ mi. Ṣùgbọ́n ẹran yìí jẹ̀yà.”

“Ó jẹ̀yà, Màmá,” ni bàbá mi dáhùn. “Ẹ forí jì wá.”

Ayálégbé náà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń sunkún. Kì í ṣe ìkà èèyàn. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ni.

Nígbà tí ẹgbẹ́ onílé ṣèpàdé lórí ọ̀rọ̀ náà, àwọn kan ní kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so àgbò mọ́lẹ̀ ládùúgbò mọ́, àwọn kan fèsì pé kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kan ẹ̀sìn àwọn. Ariwo gba gbogbo ibẹ̀. Bàbá mi ló dìde.

“Ẹ̀sìn tó ní kí n dú ẹran, òun náà ló ní kí ọ̀bẹ mi mú,” ni wọ́n wí. “Ẹni tó bá fi ọ̀bẹ tí kò mú dú ẹran, ìdajì àṣẹ ló tẹ̀ lé. Ẹ jẹ́ ká wá ojú kan, kí dókítà ẹran wà níbẹ̀, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n dú máa bá ẹni tí kò mọ̀ ọ́n dú u.”

Ẹgbẹ́ ní kí bàbá mi lọ kọ òfin náà. Orí tábìlì oúnjẹ wa ni wọ́n ti kọ ọ́, èmi ni mo sì tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Ẹran kò gbọdọ̀ rí ọ̀bẹ. Kò gbọdọ̀ rí òkú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dú ẹran nínú àgbàlá tàbí létí gọ́tà mọ́. Ibẹ̀ ni mo ti dáwọ́ dúró.

“Àwa náà ńkọ́, Bàámi?”

Wọ́n fi ìka tọ́ka sí ìwé náà. “Ṣé a kì í ṣe ará àdúgbò ni?”

Nígbà tí Iléyá tún dé, inú búùtù mọ́tò ni a gbé àgbò wa sí lọ sí pápá bọ́ọ̀lù tí ẹgbẹ́ onílé gbà. Èrò pọ̀. Àwọn alápatà wà lápá kan, dókítà ẹran, ọmọbìnrin kan tó wọ bàtà rọ́bà, ń yẹ ẹran wò níkọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n gbogbo àgbò tó ń dúró ni wọ́n so síbi tí wọ́n ti ń rí àwọn tí wọ́n ń dú. Òmíràn ń fa okùn, òmíràn kàn dúró, ó ń gbọ̀n.

Bàbá mi lọ bá dókítà náà. “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ojú àwọn ẹran yẹn.”

Ó wò wọ́n. “Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá. Kò sóhun tí a lè fi dí wọn lójú ni.”

Bàbá mi padà sídìí mọ́tò, wọ́n gbé tapólì tí a fi ń bò ó nígbà òjò. Èmi àti dókítà náà la ta á sí òpó góòlù méjèèjì. Kò pẹ́, ariwo àwọn àgbò náà rọlẹ̀.

Nígbà tó kàn wá, bàbá mi yọ ọ̀bẹ nínú àkọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ wọn tún ń gbọ̀n, kò sì sí ìbínú kankan lójú wọn. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ọjọ́ orí ni, àti pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi pa mọ́ fún wa. Mo rò pé wọ́n á fi ọ̀bẹ náà lé alápatà lọ́wọ́. Èmi ni wọ́n nà án sí.

“Èmi kẹ̀, Bàámi?”

“Ìwọ ni. O ti ń wò mí láti kékeré.”

Ọkùnrin kan lẹ́yìn wa ní, “Àlàájì, obìnrin kẹ̀?”

“Bó bá dárúkọ Ọlọ́run, tí ọ̀bẹ rẹ̀ sì mú, ó tó,” ni wọ́n dá a lóhùn. “Ẹ lọ bi lẹ́mọ́mù yín.”

Mo kúnlẹ̀. Bàbá mi di orí àgbò náà mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo sún mọ́ wọn tó láti gbọ́. Èdè ìlú wọn ni, èdè Àkókó tí wọn kì í sọ fún wa nílé. Díẹ̀ ló yé mi nínú rẹ̀. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹran náà, wọ́n sì ń sọ fún un pé kò ní pẹ́. Mo wí ohun tó yẹ kí n wí. Ọ̀bẹ náà kọjá lẹ́ẹ̀kan. Bàbá mi ló fà mí dìde.

Nígbà tí a délé, gọ́tà gbẹ. Màámi jáde pẹ̀lú abọ́ ńlá, wọ́n dúró wo àgbàlá, wọ́n ní, “Ṣé ọdún là ń ṣe báyìí?”

Bàbá mi lọ sí pápá náà lọ́dún méjì sí i. Wọ́n á jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ dókítà, wọ́n á máa fi àtàǹpàkò yẹ ọ̀bẹ wò. Ọdún kẹta kò bá wọn láyé. Ẹgbẹ́ onílé ti kan òrùlé sí pápá náà báyìí, wọ́n ti mọ ògiri síbi tí tapólì wa wà. Ọ̀rọ̀ bàbá mi ni wọ́n ń tẹ̀ lé, inú mi sì dùn sí i. Síbẹ̀, ọkàn mi ṣì máa ń fà sí àwọn ọjọ́ mẹ́jọ yẹn. Ilé tí mo ń gbé ní Challenge kò ní igi. Inú kúlà tí mo fi ń gbé ẹran wálé láti pápá ni àwọn ọmọ mi ti ń kọ́kọ́ rí àgbò ọdún.

Lọ́dún tó kọjá, àbígbẹ̀yìn mi, obìnrin, ní òun fẹ́ bá mi lọ sí pápá náà. Nínú mọ́tò, ó bi mí bóyá ẹran náà máa ń mọ̀ pé wọ́n fẹ́ pa òun. Mo ní mi ò mọ̀. Nígbà tí a débẹ̀, a jọ tò sórí ìlà àwọn tó fẹ́ dú ẹran.