Ẹ́ńjìnnì Tí Mo Gbé Lọ sí Mínà

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí èmi àti Bàbá Ṣèyí awakọ̀ kúrò ní Ìlọrin. Ẹ́ńjìnnì dísù kan tí wọ́n kó wọlé láti òkè òkun ni a dè mọ́ ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù. A fi tapólì bò ó, a sì fi táyà àlòkù méjì tẹ́ ẹ sábẹ́ kó má baà máa yí kiri. Mo ka Bisimilá, a gba ọ̀nà Jẹ́bà.

Àlájà Sàfúrá ló fi fóònù pè mí, pé kí èmi mẹkáníìkì wá bá òun pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. Opó ọ̀rẹ́ mi, Àlájì Yàkúbù, ni. Ọmọ Ìlọrin ni wọ́n, ṣùgbọ́n Mínà ni wọ́n ti ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́. Katakata kékeré kan ni ọkọ fi sílẹ̀ fún un, irú èyí tí kò ní táyà, tó jẹ́ bẹ́líìtì rọ́bà ńlá méjì ló fi ń rìn, tí garawa irin sì wà níwájú rẹ̀ tó fi ń kó yẹ̀pẹ̀. Ó ń fi í ṣe iṣẹ́ fún àwọn tó ń kọ́lé, ibẹ̀ ni oúnjẹ ilé ti ń wá. Ní báyìí, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti gbó. Ó ń rú èéfín, ó ń mu ọ́ìlì bí omi, kò sì lè gbé garawa tó bá kún mọ́. Àlájà sì ti gba iṣẹ́ gọ́tà kan ní Tayi, lẹ́yìn ìlú. Bí òjò bá dé kí gọ́tà náà tó parí, inú yàrá àwọn èèyàn ni omi yóò gbà.

Oòrùn ń yọ lórí Odò Ọya nígbà tí a dé Jẹ́bà. A dúró lẹ́yìn tírélà mẹ́fà kí a tó ríbi gun afárá. Mo ra ẹja yíyan kan ní ọgọ́rùn-ún náírà. Nílé, ìrù rẹ̀ nìkan ni owó yẹn yóò rà. Ní Mọ́kwá, a jẹ màásà, àkàrà ìrẹsì tí wọ́n ń dín nínú ìkòkò olójú púpọ̀, mẹ́rin ní ogún náírà. Ṣúgà ni àwa máa ń fi jẹ ẹ́ ní Ìlọrin. Níbẹ̀, ọbẹ̀ elégédé tí wọ́n ń pè ní taushe ni obìnrin náà bù lé e lórí láìbi mí. Mo kọ́kọ́ wò ó tìfuratìfura, nígbà tó yá mo ní kó tún bù sí i.

Láti Mọ́kwá dé Bídà ni ojú wa ti rí màbo. Kòtò tó wà lójú ọ̀nà, ewúrẹ́ lè bí sínú rẹ̀. Àwọn tírélà ti fi ọ̀dà sílẹ̀, inú igbó ni wọ́n ń gbà, eruku pupa sì bo gbogbo ewé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ̀ kalẹ̀ láti tún okùn dè.

Bàbá Ṣèyí ní, "Ọ̀gá, tí ẹ́ńjìnnì yìí bá dé Mínà láyọ̀, kò sí iṣẹ́ tí kò lè ṣe mọ́ láyé."

Wọn kò tíì kírun Àsárì nígbà tí a dé Limawa, níbi tí ilé Àlájà wà. "Sannu da zuwa, Ẹ̀gbọ́n Jímọ̀!" ló fi kí mi, ìyẹn ẹ kú àbọ̀ lédè Hausa. Ó kúnlẹ̀, ó sì bú sẹ́kún nítorí ọkọ rẹ̀. Ràmátù ọmọ rẹ̀ gbé túwó ìrẹsì wá. Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá, àmọ́ Hausa ló yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

Lẹ́yìn oúnjẹ, Àlájà sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe bàjẹ́. Ó ní Dánládì tó ń wa katakata náà ló bà á jẹ́, pé ó ń ta ọ́ìlì tí òun ń rà, pé òun ti lé e lọ láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. "Níwájú ilé yìí ni mo ti pè é ní olè, Ẹ̀gbọ́n, tí gbogbo àdúgbò ń gbọ́."

Èmi náà mirí. Mo ní, "Báyẹn ni wọ́n ṣe máa ń ṣe." N kò tíì rí ẹ́ńjìnnì o, n kò sì mọ ọkùnrin náà rí.

Lọ́jọ́ kejì a lọ sí Fadikpe, níbi tí katakata náà kú sí. A tú bátìrì, a da omi àti ọ́ìlì inú rẹ̀ nù. A ri páìpù irin mẹ́ta mọ́lẹ̀, a so orí wọn pọ̀, a so ẹ̀wọ̀n àfigbérù kọ́ sáàárín, a sì fi gbé ẹ́ńjìnnì tó ti gbó bọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n fíítà, ìyẹn asẹ́ tí ọ́ìlì ń gbà kọjá, kò bá ẹ́ńjìnnì tuntun mu. Mo ní láti lọ ra òmíràn lọ́jà, mo sì dá ọ̀kadà dúró. Àchàbá ni wọ́n ń pè é ní Mínà. Ogún náírà ni wọ́n ń gbà dé ọjà.

Ẹni tó gbé mi wo aṣọ iṣẹ́ mi. "Baba, kai ne mai gyaran injin Hajiya?" Ó ń bi mí bóyá èmi ni mo wá tún ẹ́ńjìnnì Àlájà ṣe. Mo ní èmi ni. Ó ya ọ̀kadà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó pa á. Ó wá sọ Yorùbá: "Èmi ni Dánládì."

Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà.

Ó ní, "Baba, ọ́ìlì ò tán nínú ẹ́ńjìnnì yẹn lọ́jọ́ kan. Ƙura ta ci inji. Mo sọ fún Àlájà, ó ní owó ni mo fẹ́ gbà."

Kura tí èmi mọ̀ lédè Hausa, ìkookò ni. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ìkookò wá ń jẹ irin?"

Kò bá mi rẹ́rìn-ín. "Eruku, Baba. Eruku náà ń jẹ́ ƙura. Ẹ ṣí páìpù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ẹ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́." Ó gbé mi dé ọjà, kò sì gba owó lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí mo padà dé, mo tú páìpù rọ́bà tó ń gbé afẹ́fẹ́ láti ibi asẹ́ afẹ́fẹ́ lọ sínú ẹ́ńjìnnì. Mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Eruku pupa kúnná bí àtíkè lọ́wọ́ mi. Mo yí páìpù náà padà, mo sì rí i pé ó ya nísàlẹ̀. Ẹnì kan ti fi rọ́bà tíúbù kẹ̀kẹ́ wé ojú ibi tó ya, ó fi wáyà so ó ní ìso méjì, ó tẹ ẹnu wáyà náà sínú kó má baà ya èèyàn lọ́wọ́. Rọ́bà náà ti gbó, ó ti là, ojú ibi tó là ni eruku ń gbà wọlé.

Ìso mi ni. Kò sí mẹkáníìkì mìíràn tí mo mọ̀ tó ń so wáyà báyẹn.

Ó padà sọ sí mi lọ́kàn. Ní ọdún méjì ṣáájú, Yàkúbù gbé katakata náà wá ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin, páìpù yìí sì ya. Mo wé e fún un, mo ní, "Ọ̀sẹ̀ kan ni o, kí o ra tuntun." Kò ju oṣù kan lọ lẹ́yìn náà tí Yàkúbù fi kú. N kò sọ fún ẹlòmíràn. N kò tiẹ̀ rántí rẹ̀ mọ́.

Mo jókòó sórí ẹ́ńjìnnì tó ti gbó náà. Bàbá Ṣèyí ti lọ wá omi. Gọ́tà wà nítòsí. Bí mo bá ju páìpù náà síbẹ̀, ó parí. Mo mọ̀ ọ́n lọ́kàn mi pé ǹ bá ti jù ú síbẹ̀, bí kì í bá ṣe ti ọkùnrin tó kọ owó ọ̀kadà lọ́wọ́ mi láàárọ̀ yẹn.

Mo gbé páìpù náà lọ sí Limawa, mo gbé e síwájú Àlájà, mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó fọwọ́ kan ìso náà.

"Oṣù mẹ́fà, Ẹ̀gbọ́n. Oṣù mẹ́fà tí mo ń rí ọkùnrin yẹn lójú pópó, tí mo ń gbójú sápá kan." Ó fa gèlè rẹ̀ mọ́rí. "Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ."

Tayi ni Dánládì ń gbé. Ìyàwó rẹ̀ tẹ́ ẹní fún wa, ó bu omi wá, ṣùgbọ́n kò wo ojú Àlájà. Mo fi páìpù han Dánládì, mo bẹ̀ ẹ́. Àlájà náà bẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́ wa dé òpin.

Ó ní, "Mo ti gbọ́, mo sì ti dárí jì yín. Ṣùgbọ́n Àlájà, kì í ṣe nínú ilé mi lẹ ti pè mí ní olè. Ọmọ mi ọkùnrin wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àlájà ránṣẹ́ pe àwọn ará àdúgbò síwájú ilé. Dánládì mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ wá. Àlájà sọ ọ́ sókè: "Danladi ba ɓarawo ba ne." Dánládì kì í ṣe olè. Mo gbé páìpù sókè, mo sọ pé ọwọ́ mi ló ba ẹ́ńjìnnì jẹ́, Ràmátù sì ń túmọ̀ rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí mo ti sọ pé èmi ni, Ràmátù dúró, ó wò mí. Mo ní, "Sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́." Ó sọ ọ́. Bàbá arúgbó kan ní ká máa ṣe sùúrù, àwọn yòókù di Dánládì lọ́wọ́ mú.

Dánládì bá wa padà sẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ méjì la sì fi parí rẹ̀. Dánládì ló mọ bí a ṣe ń tẹ ẹ́ńjìnnì díẹ̀ sápá òsì kí ẹnu rẹ̀ lè wọ inú pọ́ǹpù tó ń gbé apá garawa. Èmi tí mo jẹ́ ọ̀gá ń di irin mú fún un. Mo ra páìpù rọ́bà tuntun, mo fi owó ara mi rà á. A fa afẹ́fẹ́ jáde nínú ọ̀nà dísù, Dánládì gun orí ìjókòó, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dún lọ geere. Èéfín rẹ̀ mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó bu garawa àkọ́kọ́ ní gọ́tà Tayi, àwọn obìnrin jáde wá wò ó.

Ọ̀nà kan náà ni a gbà padà sílé, n kò sì sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi kò ṣòro láti sọ: iṣẹ́ tí a bá ní ó máa wà fún ọ̀sẹ̀ kan, kò mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ kan la dá fún òun, ẹlòmíràn ló sì máa jìyà rẹ̀. Ní alẹ́ tí mo dé, mo jókòó, mo ronú kan àwọn ìso mìíràn tí mo ti so tí n kò padà lọ wò. Mẹ́ta ni mo rántí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé àpótí irinṣẹ́ mi lọ sọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́, ẹnì kan tó ni ẹ̀rọ ìlọta ní ìkangun ìlú. Ẹnu yà á.

"Bàbá Mẹkáníìkì, ẹ̀rọ mi ò bàjẹ́ o. Ta ló pè yín?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó pè mí. Ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi."