Ẹ̀tọ́ sí Ẹ̀mí Kò Dé Yàrá Abẹ́ Ilẹ̀

Ìyá Oníwèé ti kú o. Ikọ́ ló pa á. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ jáde láti yàrá abẹ́ ilẹ̀ ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Àwọn adájọ́ dìde, wọ́n dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ kú iṣẹ́! Nígbà tó ń wúkọ́, ta ló dìde nínú yín?

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi tọ́jú ìwé níbẹ̀. Bí ẹjọ́ bá ti ta kókó, wọ́n á sáré wá: "Ìyá, báwo ni wọ́n ṣe túmọ̀ irú èyí níbòmíì?" Á ka ìdájọ́ orílẹ̀-èdè méje, mẹ́jọ. Á so òwú pupa mọ́ ìwé àwọn adájọ́ tí kì í kúrò lórí ọ̀rọ̀ tó wà nínú òfin, á so òwú aláwọ̀ ewé mọ́ ti àwọn tó ń béèrè ìdí tí wọ́n fi ṣòfin. Ó sọ fún mi rí pé, "Akọ̀ròyìn, ìwé òfin lè yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú, imú tá a fi ń mí ò yàtọ̀." Ó bú sẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gbà á mọ́ ọn lẹ́nu.

Lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan pe ọ̀gá wọn lẹ́jọ́ nítorí èéfín. Gbogbo ohun tí ìwé òfin wa sọ ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbẹ̀mí ẹnìkejì. Ìyá Oníwèé ló kó ìdájọ́ òkèèrè jọ, tó fi hàn pé níbòmíì, ẹ̀tọ́ sí ẹ̀mí kan afẹ́fẹ́ tí òṣìṣẹ́ ń mí sínú. Àwọn adájọ́ gbà bẹ́ẹ̀, aráyé pàtẹ́wọ́ fún wọn. Wọn ò dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Níbo ló sì ti ṣiṣẹ́ ọ̀hún? Nínú yàrá tí kò ní fèrèsé, tí omi ń jò sí, tí ọ̀rinrin ti sọ ògiri rẹ̀ di dúdú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló kọ̀wé pé kí wọ́n gbé òun lọ sókè, ó sì tọ́ka sí ìdájọ́ èéfín ọ̀hún. Ọmọ rẹ̀ obìnrin fi èsì tí akọ̀wé àgbà ilé ẹjọ́ fún ìyá rẹ̀ hàn mí: "Ilé iṣẹ́ ọṣẹ ni ìdájọ́ yẹn bá wí. Kò dárúkọ ilé ẹjọ́."

Háà! Ṣebí ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde? Ẹni tó kọ́ yín láti wo ìdí òfin, òun lẹ wá ń ka òfin fún lọ́rọ̀ lọ́rọ̀! Ojú ò tiẹ̀ tì yín.

Ọmọ náà sọ fún mi pé, "Bàbá, wọ́n ní kí n tètè wá kó ẹrù màmá mi. Ẹlòmíì ń bọ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé."

Lọ́jọ́ Ajé kẹ̀! Ẹ ti yàrá yẹn pa. Kí akọ̀wé àgbà dúró níbi tí olùjẹ́jọ́ ń dúró sí, kó ka èsì rẹ̀ sókè lójú ọmọ olóògbé. Ẹ̀yin adájọ́, tẹ́ ẹ bá sọ pé kò jẹ̀bi, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ jókòó sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ yẹn fúnra yín. Bí ikọ́ bá sì bẹ̀rẹ̀, ẹ má pe dókítà. Ẹ kọ̀wé sí akọ̀wé àgbà.