Nígbà Tí Ọ̀rẹ́ Mi Gba Pépà

Mo ti ń retí pépà ìgbélùú fún ọdún mẹ́sàn-án gbáko nígbà tí ọ̀rẹ́ mi gba tiẹ̀. Ọdún méjì péré lòun fi dúró.

Kíláàsì ìránṣọ ọ̀fẹ́ kan ní Peckham nílùú Ọba níbí la ti pàdé. Ará Látìn Amẹ́ríkà ni. Gẹ̀ẹ́sì àwa méjèèjì ò dán mọ́rán, ṣùgbọ́n a ń gbọ́ ara wa yé. Ó sọ fún mi pé nílùú àwọn, ìjọba kó ìbọn àti alùpùpù fún àwọn ọmọ àdúgbò kan, wọ́n ní kí wọ́n máa ṣọ́ ìlú. Àwọn yìí kan náà ló ń pín oúnjẹ ìjọba lójúlé-lójúlé, torí náà kò sílé tí wọn ò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin bá àwọn tó ń ta ko ìjọba jáde lọ fẹ̀hónú hàn lẹ́ẹ̀kan péré. Lọ́jọ́ kejì, lọ́sàn-án gangan, àwọn alálùpùpù náà wá fọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Onígbàjámọ̀ tó ti ń gẹrun fún un láti kékeré ló ṣíwájú wọn. Ohun tí ọ̀rẹ́ mi rò fún ìjọba ibí nìyẹn, wọ́n sì gbà á gbọ́.

Lọ́jọ́ tí lẹ́tà rẹ̀ dé, ó gbé kéèkì wá sí kíláàsì. Mo dì mọ́ ọn, mo kí i kú oríire, ṣùgbọ́n inú mi korò bí ewúro. Èmi ò ní ìtàn kankan ju pé mo wá ṣiṣẹ́ lọ. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún àǹtí tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn pé, “Àǹtí, ká ní wọ́n ti fọ́ ẹ̀gbọ́n tèmi náà lẹ́sẹ̀ ni, ǹ bá ti gba pépà báyìí.”

Wọ́n gbé ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń rẹ́ ilá sílẹ̀. Wọ́n ní, “Lọ ṣe àlùwàlá, kó o tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run.”

Mo ṣe é. Owú náà ò lọ.

Lọ́sẹ̀ kejì, èmi àti ọ̀rẹ́ mi ń rìn lọ ní Rye Lane. Àwọn tó ń fi alùpùpù gbé oúnjẹ kiri dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù adìyẹ díndín kan. Bí méjì nínú wọn ṣe ṣáná sí alùpùpù wọn lẹ́ẹ̀kan náà báyìí, ọ̀rẹ́ mi wọ́ mi wọ ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó lóṣòó sẹ́yìn páálí iṣu. Ìgbà tí mo máa wolẹ̀, ó ti tọ̀ sára. Mo bọ́ kádígàn mi, mo so ó mọ́ ọn nídìí, a wọ bọ́ọ̀sì, mo sì sìn ín délé.

Ó wù mí kí n sọ pé ibẹ̀ ni owú náà kú sí. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé òun ti ríṣẹ́, lẹ́yìn náà ló pè. Mo ń wo fóònù náà títí tó fi dún tán. Ọjọ́ kejì ni mo tó pè é padà, mo bá a yọ̀, mo sì parọ́ pé mo ti sùn nígbà tó pè.