Ohun Tí Luan Xiuzhen Fi Pamọ́ Nínú Oògùn Eegun

Tí o bá rí Luan Xiuzhen láàárọ̀ lẹ́bàá odò ní ìlú Cangzhou, wàá rò pé ìyá àgbà kan ló ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀. Yíyí ló ń yí po lójú kan, tó ń yọ́ ẹsẹ̀ rìn bí ẹni tó wà lórí ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n géńdé tó bá kọlù ú, ilẹ̀ ni yóò bá ara rẹ̀, kò sì ní mọ ibi tí agbára náà ti wá. Inú ló ti ń wá! Ìjà tí bàbá rẹ̀ kọ́ ọ nìyẹn, òun náà sì ti ń fi kọ́ ẹlòmíràn láti ogójì ọdún.

Bàbá yìí kan náà ló kọ́ ọ ní eegun títò àti oògùn, nítorí ẹni tó ń kọ́ni níjà tí kò mọ eegun tò, iṣẹ́ rẹ̀ ò pé. Ó tún fi ọgbọ́n kan lé e lọ́wọ́: gbogbo ohun tí o bá mọ̀, kọ́ ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ, ṣùgbọ́n fi ẹyọ kan pamọ́. Wọ́n ní ológbò kọ́ ẹkùn ní ohun gbogbo àfi bí a ti ń gun igi. Orí igi náà ló sì sá sí lọ́jọ́ tí ẹkùn fẹ́ pa á jẹ.

Xiuzhen ò bímọ. Nígbà tí Shi Baotian, wẹ́dà kan tó ti lé lógójì ọdún, kúnlẹ̀ gbé ife tíì fún un, bí àṣà, láti di ọmọ ẹ̀kọ́ àti àrólé rẹ̀, tayọ̀tayọ̀ ló fi gbà á. Ọdún méje ló fi kọ́ ọ. Ó ka gbòǹgbò àti èèpo mọ́kànlá inú oògùn eegun fún un. Nínú oògùn yìí, ẹyọ kan ló fi pamọ́: gbòǹgbò dúdú inú rẹ̀, májèlé ni, àfi tí a bá sè é láti àárọ̀ di ọ̀sán kó tó wọnú ọtí ọkà bàbà. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sè é, tó máa ń sá a, kó tó fi lé Baotian lọ́wọ́. Baotian rò pé bí wọ́n ṣe ń tà á nìyẹn.

Nígbà tí otútù dá Xiuzhen dùbúlẹ̀, Baotian ò fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ra gbòǹgbò fúnra rẹ̀, ó rẹ ẹ́ sọ́tí, ó fún Gu aládùúgbò rẹ̀ pé kó máa fi pa orúnkún. Gu ní ohun tó bá dára fún orúnkún, á dára fún ikùn. Ó mu ife kékeré kan. Kó tó dìde, ẹnu rẹ̀ ti kú, àyà rẹ̀ ń lù ségesège.

Nígbà tí Xiuzhen fi dé ọsibítù tí wọ́n gbé Gu lọ, ìyàwó Gu ti bú Baotian títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó ní kó padà sídìí irin, pé ọkọ òun kì í ṣe géètì. Dókítà kan jáde, ó bèèrè bóyá wọ́n se gbòǹgbò dúdú yẹn.

“Sísè kẹ̀?” Baotian yíjú. “Ọ̀gá, ṣé a máa ń sè é ni?”

Gbogbo ojú bọ́ sára Xiuzhen. Tó bá ní òun ti sọ fún un, kò sí ẹni tí yóò já a nírọ́. Baotian gan-an yóò gbà pé òun ló gbàgbé.

“A máa ń sè é,” ó ní. “Mi ò sọ fún un ni. Dókítà, àìsè ni bàbá yẹn mu.”

Dókítà sáré wọlé. Lọ́sàn-án, wọ́n ní àyà Gu ti ń rọlẹ̀. Baotian wá kọjú sí Xiuzhen.

“Ọdún méje, Ọ̀gá. Kí lẹ rí lára mi tẹ́ ẹ fi pa á mọ́?”

“Mi ò rí nǹkan kan. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi náà nìyẹn.”

“Kí ló tún kù?”

Xiuzhen fi ìka kà á. “Ó ku ohun méjì mìíràn tí mi ò tíì kọ́ ọ.”

“Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kà á.” Baotian dìde, ó tẹrí ba bó ti máa ń ṣe, ó lọ jókòó ti Gu.

Lọ́jọ́ kẹta, Xiuzhen gbé ààrò àti ìkòkò lọ sétí odò. Ó gé gbòǹgbò náà níṣojú gbogbo ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó ní ìdí ìkòkò ni ẹ̀kọ́ òní wà. Ó sọ méjì tó kù pẹ̀lú fún wọn. Baotian ò wá. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ọ̀kan nínú wọn bèèrè bóyá ó ti jinná. Xiuzhen mú ègé kékeré kan, ó fi kan ahọ́n, ó dúró. Ahọ́n rẹ̀ kú tipiri: májèlé ò tíì jáde tán.

Ó bu omi sí ìkòkò.