Àrò Tí Mo Gbá Nínú Ihò Àpáta

Gbogbo ẹni tí mo bá mú wọ inú ihò àpáta wa ló máa ń kọ́kọ́ dákẹ́. Wọ́n á gbójú sókè wo àjà òkúta tó ga ju òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì lọ, wọ́n á wo ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ojú ihò kékeré kan lókè wọlé, wọ́n á sì fi ọwọ́ kan ògiri tó tutù bí ìkòkò omi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo kí òkúta lè gbà á lẹ́nu wọn. Mi ò fẹ́ràn ariwo yẹn. Àwọn àdán pàápàá kò fẹ́ràn rẹ̀.

Ìlú wa kéré, ó wà láàárín Ọ̀sí àti Ìlọfà. Nígbà tí mò ń wí yìí, àwọn àgùnbánirọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá sí agbègbè wa ni, àwọn ló sì gbé ìròyìn ihò náà jáde. Kò pẹ́ tí àwọn tíṣà fi ń ti Ìlọrin wá wò ó, tí òyìnbó ń gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn dé, tí àwọn mìíràn sì ní àwọn fẹ́ sun ibẹ̀ mọ́jú. Àwọn àgbà ìlú ní èmi ni kí n máa mú wọn gòkè. Wọ́n ní mo gbọ́ òyìnbó díẹ̀, mi ò ní ọkọ tí yóò bínú, mi ò sì ní ọmọ tí yóò máa sunkún dè mí nílé. Ojú mi ni wọ́n ti sọ ọ́, wọn kò fi bò. Ọkọ mi ti kú lóòótọ́, ọmọ kò sì dúró fún wa. Mo gba iṣẹ́ náà nítorí pé ilé mi dákẹ́ jù.

Tí àlejò bá fẹ́ sùn, mo máa ń tẹ́ ẹní sí yàrá inú, níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ, màá gbé omi kalẹ̀, màá sì sọ fún wọn pé ejò kò sí níbẹ̀. Mi ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà lórí ti ejò, ṣùgbọ́n àlejò gbọ́dọ̀ sùn. Bó bá di òwúrọ̀, wọ́n á dì mọ́ mi bí ẹni pé ìyá kan náà ló bí wa, wọ́n á ní àwọn á fi fọ́tò ránṣẹ́. Fọ́tò mẹ́ta péré ló dé láàárín ọdún mẹ́jọ. Nínú ọ̀kan, apá mi nìkan ló hàn. Bí wọ́n bá ti lọ tán, màá ká ẹní, màá jókòó díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ihò náà, àárò àwọn tí mi ò mọ̀ ju ọjọ́ kan lọ á sì máa sọ mí. Mo mọ̀ pé kò mú ọgbọ́n dání, síbẹ̀ ó ń sọ mí.

Inú ihò yẹn ni àwọn baba wa sá pamọ́ sí láyé ogun. Ilé kọ̀ọ̀kan ní àrò tirẹ̀ níbẹ̀ títí di òní, òkúta mẹ́ta mẹ́ta, tí èéfín àtijọ́ sì ti sọ ògiri ẹ̀yìn wọn di dúdú. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ Gálílì, ìyẹn ọjọ́ kejì Àjíǹde, gbogbo ìlú máa ń gòkè lọ síbẹ̀. Ọmọ ilé kọ̀ọ̀kan á gbá àrò baba rẹ̀, á dáná níbẹ̀, á sun iṣu díẹ̀. Ẹnìkan kì í gbá àrò ilé ẹlòmíràn. Ilé tó bá ti parun, tí kò ku ọmọ kankan, òun nìkan ni ará ìta máa ń bá gbá àrò, tí wọ́n á sì kó òkúta rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọmọ ọdún márùn-ún mọ èyí ní ìlú wa.

Bàbá kan wà tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún rẹ̀ kò sì gba òkè gígùn mọ́. Ọmọ mẹ́ta ló ní: ọkùnrin kan ní Kàdúná, ọkùnrin kan ní Èkó, obìnrin kan ní Jọ́ọ̀sì. Òun ló máa ń mú iṣu wá, èmi ni mo máa ń sè é, abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ la ti máa ń jẹ ẹ́ ní ìrọ̀lẹ́. “Aya Òkúta” ló ń pè mí. Á ní, “Aya Òkúta, ọkọ rẹ ńkọ́ lókè?” Màá ní ó wà níbẹ̀, kò tíì mira. Ẹ̀rín yẹn nìkan ni mò ń rín ní ọjọ́ mìíràn. Bí mo bá ní òun nìkan ni ẹni tí mo ní, mi ò pa irọ́.

Ọdún márùn-ún gbáko ni àwọn ọmọ rẹ̀ kò wá fún Gálílì. Ẹnu ọ̀nà yàrá inú tí àwọn àlejò ń sùn sí gan-an ni àrò ilé wọn wà, ìgbẹ́ àdán sì ti gun orí rẹ̀ dé orúnkún. Àwọn àlejò á fi ọwọ́ di imú bí wọ́n bá ń kọjá. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan, mo gbọ́ pé àwọn tíṣà ń bọ̀ pẹ̀lú ìyàwó wọn, èèyàn bí ogún, wọ́n á sùn. Inú mi dùn dé góńgó. Mo mú ìgbálẹ̀ àti ọkọ́ gòkè lọ.

Mo gbá gbogbo ọ̀nà, mo dé ibi àrò yẹn, mo dúró. Mo mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Mo sọ fún ara mi pé ìdọ̀tí ni mò ń gbá, kì í ṣe àrò. Ìgbẹ́ náà ti wọ abẹ́ òkúta, ni mo bá kó òkúta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ẹ̀gbẹ́ ògiri kí n lè gbá abẹ́ wọn dáadáa. Mo fẹ́ dá wọn padà kí n tó sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin kan tó wá ṣẹ́ igi yọjú sínú ihò, ó rí mi pẹ̀lú ìgbálẹ̀, ó rí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó yí padà, ó gba ìsàlẹ̀ lọ. Mo dá òkúta padà, ṣùgbọ́n kí n tó dé ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ ti ṣáájú mi délé.

Mo gbé oúnjẹ lọ bí mo ṣe máa ń ṣe. Bàbá kò jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó di férémù ilẹ̀kùn mú.

“Ìsí lí gbá àrò ulé mi?”

“Èmi ni, Bàbá. Ìdọ̀tí ni mo gbá. Mo ti dá òkúta padà.”

“Ulé mi ti parun nìyẹn.”

“Bàbá, kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn àlejò ló ń bọ̀...”

“Gbé oúnjẹ rẹ lọ. Òkú é è jẹun.”

Ó ti ilẹ̀kùn. Àwọn tíṣà dé lọ́jọ́ kẹta, wọ́n yin ibi náà, wọ́n ní ó mọ́ tónítóní. Ó dùn mí débi pé mo fẹ́ fi ìgbálẹ̀ náà nà wọ́n.

Fún oṣù márùn-ún, Bàbá kò bá mi sọ̀rọ̀. Mo kúnlẹ̀, kò wò mí. Mo rán àwọn ìyá ìjọ sí i. Àlùfáà wàásù lé e lórí pé òkúta lòkúta ń jẹ́, Bàbá sì dìde lórí àga, ó gba ilé lọ. Tí mo bá jẹun tán ní ìrọ̀lẹ́, màá rí i tó jókòó ní iwájú ilé rẹ̀, òun náà á sì rí mi. Títì kan péré ló wà láàárín wa. Mi ò tíì dá wà bẹ́ẹ̀ rí, àní nígbà tí ọkọ mi kú.

Àwọn àgbà ní ohun kan ṣoṣo ló lè tún un ṣe: kí ọmọ bíbí ilé náà dáná sórí àrò yẹn ní ọjọ́ Gálílì, kí ìlú rí èéfín. Mo kọ lẹ́tà sí àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ṣàlàyé nínú ti àkọ́kọ́, mo bẹ̀bẹ̀ nínú ti èkejì, nínú ti ẹ̀kẹta mo bú wọn dáadáa. Èyí tí mo fi bú wọn ló ṣiṣẹ́. Àwọn ọkùnrin méjèèjì dé ní ọjọ́ Àjíǹde gan-an; obìnrin ti Jọ́ọ̀sì kò wá.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá wọ aṣọ tuntun, ó ní kí wọ́n gbé àga òun sí ìsàlẹ̀ àpáta kí òun lè máa wo òkè. Àwọn ọmọ rẹ̀ gun àpáta náà pẹ̀lú bàtà aláwọ tó ń yọ̀. Nígbà tí wọ́n wọ inú ihò, wọ́n dákẹ́, wọ́n gbójú sókè, lẹ́yìn náà wọ́n pariwo kí òkúta lè gbà á lẹ́nu wọn. Ẹ̀gbọ́n gbé igi ìdáná, ó rìn lọ tààrà, ó sì kúnlẹ̀ síwájú àrò ilé ẹlòmíràn.

Àwọn tó ni àrò náà ké mọ́ ọn. Ó dìde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí mi. “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni tiwa?”

Gbogbo ìlú ló gbọ́. Mo na ìka. Wọ́n dáná náà, èéfín gba ojú ihò jáde, àwọn tó wà nísàlẹ̀ sì pàtẹ́wọ́. Mo rò pé ó ti parí.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, Bàbá di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ àgbà mú. “Ẹ rí àrò ulé wa ná?”

“A rí i, Bàbá. Àǹtí ló fi hàn wá.”

Kò ní ìkà nínú, òótọ́ ló sọ. Bàbá tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n jẹun, wọ́n wọkọ̀ lọ ní ọ̀sán ọjọ́ náà, nítorí iṣẹ́ wà lọ́la.

Ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá fi ọ̀pá rẹ̀ la títì kọjá wá bá mi, ó gbé iṣu kan sí abíyá. Ó jókòó sórí àpótí mi, ó mí díẹ̀.

“Ọmọ mi,” ó ní, “ọ é è ṣẹ̀ mí. Ọ gbá a re.”

Oṣù márùn-ún ni mo fi bẹ̀bẹ̀ kí ó tó bá mi sọ̀rọ̀, mi ò sì mọ̀ pé ohun tí màá gbọ́ nìyẹn. Bí mo bá gbá a re, á jẹ́ pé ilé rẹ̀ ti parun nìyẹn. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wí bẹ́ẹ̀.”

Ó ti mú ọ̀bẹ, ó ń bẹ iṣu.